Kí Iná Tó Lọ, Kí Omi Tó Dáṣẹ́ Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Kó Oúnjẹ àti Ohun Èlò Pamọ́ De Pàjáwìrì

Ẹ̀wà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ra ogún kílò, mo dà á sínú garawa oníke, mo fi ọmọrí dé e, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkàn mi sì balẹ̀ pé bí ayé bá dojú rú, ebi kò ní pa wá nínú ilé yìí. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo ṣí i. Ìró ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó ń dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ bí òjò wínníwínní tó ń kán sórí bébà. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun ló bá ọwọ́ mi jáde. Ẹ̀wà tó kù sì ti lu jára bí ajere. Ohun tí mo tọ́jú de ìyàn, kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán kí ìyàn kankan tó mú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ríra ló rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá lówó lè ra ọjà kó kún ilé láàárín wákàtí kan. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ohun tí a rà ṣì jẹ́ oúnjẹ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Ọ̀nà tó dájú jù tí mo rí sí i ni pé kí a máa jẹ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí a sì máa dá a padà bí a ṣe ń jẹ ẹ́.

Pàjáwìrì wo là ń sọ? Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, iná lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní Sípéènì àti Pọ́túgà lọ́sàn-án gangan. Ọkọ̀ ojú irin dúró sójú ọ̀nà, káàdì báńkì ò ṣiṣẹ́ mọ́, fóònù ń já, àwọn tí owó wà lápò wọn sì ń wá rédíò onibátìrì àti àbẹ́là kiri. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, iná ti padà dé ibi tó pọ̀ jù. Irú èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa rí: iná tó lọ, omi ẹ̀rọ tó dáwọ́ dúró, àgbàrá tó gé ojú ọ̀nà, àìsàn tó sé gbogbo ilé mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni lójijì. Ẹni tó ń múra de òpin ayé lè wá ìwé mìíràn kà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ẹnu tó wà nílé

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ mú bébà, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé yín, kí ẹ sì kọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ síwájú orúkọ rẹ̀. Ta ló ń fún ọmọ lọ́mú? Ta ni eyín rẹ̀ ò lè rún ohun líle mọ́? Ta ló ń lo oògùn lójoojúmọ́? Ta ni kì í jẹ ẹ̀pà nítorí pé ara rẹ̀ kọ̀ ọ́? Bí ẹ bá ní ajá tàbí ológbò, ẹ kọ tiwọn náà, nítorí pé tí ebi bá ń pa wọ́n, inú àwo yín ni wọ́n máa wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan iye ọjọ́. Ní ọdún 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba àwọn ará ìlú wọn níyànjú pé kí oúnjẹ wákàtí 72 wà nílé. Ìjọba Jámánì ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà. Èmi a máa sọ pé kí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rọra gùn ún dé mẹ́rìnlá. Tí ẹ bá ti dé mẹ́rìnlá, ẹ dúró ná, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè máa bójú tó èyí tó wà nílẹ̀. Mo mọ àwọn tó kó ti ọdún kan jọ, tí wọn ò lè rí bàtà wọn nínú yàrá mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: omi ló ṣáájú oúnjẹ

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ènìyàn lè wà láìjẹun fún ọjọ́ púpọ̀. Láìsí omi, ọjọ́ díẹ̀ ni.

Lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Ìdajì rẹ̀ wà fún mímu, ìdajì fún oúnjẹ sísè, ọwọ́ fífọ̀ àti ẹnu fífọ̀. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá àti ẹni tó wà níbi tí ooru ti mú gan-an máa nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́rìnlá jẹ́ lítà 224, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́sàn-án. Ẹ má tíì sáré lọ rà á. Lítà omi kan wọn kílò kan, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì kan ju kílò 25 lọ, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì ju kílò 225 lọ. Pẹpẹ onípákó kò lè rù ú, ìyá àgbà ò sì lè gbé e lókùnkùn. Èmi fẹ́ràn onílítà mẹ́wàá. Ó gba àyè díẹ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ọmọ ọdún méjìlá lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ sí ilé ìdáná.

Ike tí a fi ń tọ́jú oúnjẹ tàbí omi mímu nìkan ni kí ẹ lò. Ike tó ti gba epo bẹntiróòlù tàbí kẹ́míkà rí, kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tó tí omi inú rẹ̀ máa ṣeé mu. Ẹ fi ọṣẹ fọ ike náà, ẹ ṣàn án. Ẹ wá da ṣíbí tíì kan bílíìṣì tí wọn ò fi lọ́fínńdà sí sínú lítà omi kan, ẹ dà á sínú ike náà, kí ẹ sì mì í kí ó lè kan gbogbo inú rẹ̀ fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣàn, ẹ wá pọn omi tó mọ́ kún un dé ẹnu. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pọn ọ́n sí i lára. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi èyí tí ẹ bá dà jáde fọ aṣọ tàbí bomi rin òdòdó, kó má bàa ṣòfò. Ibi tí oòrùn kì í dé ni kó wà, kó sì jìnnà sí epo bẹntiróòlù àti oògùn apakòkòrò, torí pé òórùn wọn lè gba ara ike wọlé.

Tí omi tí ẹ pọn pamọ́ bá tán ńkọ́? Gbígbé omi kaná ló dára jù. Kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ẹ bá ń gbé orí òkè tó ga ju mítà 2,000 lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí kò bá sí iná, ẹ lo bílíìṣì tí wọn ò fi lọ́fínńdà sí, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 sí 6 nínú 100, kí ẹ kán ẹ̀kán méjì sínú lítà omi kan, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òórùn bílíìṣì fẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kó ṣẹ́kù. Bí ẹ ò bá gbọ́ òórùn rárá, ẹ kán iye kan náà sí i, kí ẹ tún dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi tó bá dàrú, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ ná, kí ẹ wá kán ẹ̀kán mẹ́rin sí lítà kan. Ẹ ka ohun tó wà lára ìgò bílíìṣì yín, nítorí pé agbára wọn ò dọ́gba, àti pé èyí tó ti ju ọdún kan lọ ti rẹ̀ dáadáa.

Ẹni tí kò ní iná, tí kò sì ní bílíìṣì, oòrùn wà. Ẹ rọ omi tó mọ́ lójú sínú ìgò oníke tí kò ní àwọ̀, tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, tí kò ju lítà méjì lọ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́fà. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ọjọ́ méjì. Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, kò sí èyí tó lè yọ epo tàbí kẹ́míkà kúrò nínú omi. Omi tó bá ń rùn bẹntiróòlù, ẹ má ṣe gbìyànjú rẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí bílíìṣì ti wà nílé, ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ fínígà, mọ́ oògùn ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, tàbí mọ́ ohunkóhun tó ní amóníà nínú. Èéfín tó máa ń jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: oúnjẹ tí ẹ ń jẹ ni kí ẹ kó pamọ́

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ilé yín jẹ sílẹ̀. Inú bébà yẹn ni ẹ ti máa mú ohun tí ẹ máa rà. Bí àwọn ọmọ ò bá fẹnu kan ẹja inú agolo lónìí tí ara dẹ̀, ẹ má rò pé wọ́n máa fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ń bà wọ́n nínú òkùnkùn.

Àwọn àjọ tó ń pín oúnjẹ fáwọn tí ogun tàbí ìyàn lé kúrò nílé máa ń fi bíi kálórì 2,100 (kálórì ni ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ṣe ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká fi ìrẹsì àti ẹ̀wà wò ó. Gíráàmù 300 ìrẹsì gbígbẹ fún wa ní bí 1,080. Gíráàmù 100 ẹ̀wà, 340. Gíráàmù 35 òróró, ó lé díẹ̀ ní 300. Gíráàmù 30 ṣúgà, bí 116. Gíráàmù 30 mílíìkì lúbúlúbú tí wọn ò yọ ọ̀rá rẹ̀, bí 150. Ẹ fi gíráàmù 50 ẹja inú agolo kún un, ẹ ti dé nǹkan bí 2,100. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹnì kan máa nílò kílò mẹ́rin lé díẹ̀ ìrẹsì, kílò kan àti gíráàmù 400 ẹ̀wà, òróró tó lé díẹ̀ ní ìdajì lítà, gíráàmù 420 ṣúgà, iye kan náà mílíìkì, àti gíráàmù 700 ẹja. Iyọ̀ ò ju gíráàmù 70 lọ. Ẹ wò ó, kò tó kílò mẹ́jọ. Igun kóbọ́ọ̀dù kan lè gbà á. Èyí tí kò bá sí nínú oúnjẹ yín, ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ dípò rẹ̀: sipagẹ́tì, óòtì, àgbàdo, ẹ̀pà.

Ohun kan wà tí ìṣirò yìí ò sọ. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ń fẹ́ omi, wọ́n tún ń fẹ́ iná. Nítorí náà kí oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí ẹ lè jẹ láìdáná rárá: bísíkíìtì, bọ́tà ẹ̀pà, ẹja àti ẹ̀wà sísè inú agolo, èso gbígbẹ, mílíìkì tí ẹ lè pò. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú ìpamọ́ máa ń le sí i lọ́dọọdún, iná tó sì máa jẹ kó tó rọ̀ lè ju èyí tí ẹ ní lọ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí ẹ tó sè é. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà pupa ńlá oníkíndìnrín ni, kí ó hó gidigidi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, torí májèlé wà nínú èyí tí kò jinná.

Fún ọmọ ọwọ́, ọmú ìyá ni ìpamọ́ tó dára jù, ìdí nìyẹn tí omi àti oúnjẹ ìyá fi gbọ́dọ̀ pé. Bó bá jẹ́ mílíìkì inú agolo lọmọ ń mu, ẹ kó ti ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀, pẹ̀lú omi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Oyin kì í bàjẹ́, ó sì dára fún ìpamọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ẹ má gbàgbé ata, tíì, àti súìtì. Ẹni tó bá ń fi iyọ̀ nìkan jẹ ìrẹsì fún ọjọ́ márùn-ún, ìbànújẹ́ ló ń jẹ.

Ní ti agolo, ọdún 1810 ni Peter Durand gba ìwé àṣẹ fún un ní England. Ọdún 1858 ni Ezra Warner tó gba ti ohun tí a fi ń ṣí i ní Amẹ́ríkà. Fún ọdún méjìdínláàádọ́ta tó wà láàárín, òòlù àti irin ẹnu mímú lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń já a. Ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ lọ wo ilé ìdáná yín bóyá ìṣágolo tí kò lo iná mànàmáná wà níbẹ̀. Méjì ni kí ẹ ní.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ

Ẹ ò ní láti yáwó. Nígbàkigbà tí ẹ bá lọ ra ìrẹsì kílò kan, ẹ ra kílò kan àti ààbọ̀. Ìgò òróró kan di méjì. Ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ méjì ti pé nílé láìjẹ́ pé àpò yín mọ̀ ọ́n lára. Ẹ ṣe é nígbà tí ọjà kún. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ń tàn ká, a rí bí àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣe ń jà lórí bébà ìnùdí; ẹni tó ti ní ti oṣù kan nílé kò sí nínú ìjà yẹn, kò sì gba èyí tó kù mọ́ aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gba oúnjẹ lọ́wọ́ kòkòrò, ọ̀rinrin àti ooru

Ibí ni mo ti ṣìṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀.

Kòkòrò tó jẹ ẹ̀wà mi kò rìn wọ inú garawa. Ó ti wà nínú ẹ̀wà náà kí n tó rà á. Láti inú oko tàbí inú àká ni ìyá rẹ̀ ti yé ẹyin sára hóró. Ọmọ tó bá pa máa wọ inú hóró lọ, á máa jẹ ẹ́ láti inú, ẹ ò sì ní rí i títí tó fi máa lu ihò jáde. Kòkòrò ìrẹsì náà fi ìwà jọ ọ́. Nítorí náà, bó ti wù kí ọmọrí le tó, ọ̀tá ti wà nínú ilé.

Bí ẹ bá ní fírísà tí iná rẹ̀ dúró, ẹ pín ọkà náà sínú ọ̀rá kéékèèké, kí ẹ sì fi sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán ní -18°C. Ẹyin àti ọmọ máa kú síbẹ̀. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí ọ̀rá náà títí tí òtútù rẹ̀ fi máa lọ tán, kí ìrì má bàa sẹ̀ sára ọkà.

Bí kò bá sí fírísà, ẹ fún kòkòrò lọ́rùn. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Purdue àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Kamẹrúùnù ṣe irú àpò kan fún ẹ̀wà ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980: ọ̀rá méjì tó nípọn nínú ara wọn, àpò híhun kan lóde. Ẹ máa kún un, ẹ máa tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ máa so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gírígírí. Kòkòrò á fa atẹ́gùn ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ tán, kò ní lè jẹun mọ́, á kú. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ilé kékeré lè fi ìgò oníke tó nípọn ṣe irú rẹ̀: kí ó mọ́, kí ó gbẹ táútáú, kí ẹ rọ ọkà kún un dé ẹnu kí àyè má kù fún afẹ́fẹ́, kí ẹ sì fún ìdérí rẹ̀ pa. Ẹ má máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ ti fún wọn ní afẹ́fẹ́ tuntun.

Kí ẹ tó dé ohunkóhun pa, kí ó gbẹ. Ẹ lè fi iyọ̀ dán an wò. Ẹ wá ìgò gíláàsì tó gbẹ, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ ọkà sí i, ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ lé e, ẹ dé e, kí ẹ sì mì ín fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì, ọ̀rinrin ṣì wà nínú ọkà yín. Ẹ padà lọ sá a sóòrùn. Bí iyọ̀ bá já bọ́ sísàlẹ̀, ẹ lè dé e. Ọkà tí ẹ dé pa ní tútù á bu, èbu sì máa ń ní májèlé tí fífọ̀ tàbí sísè kò lè yọ kúrò. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù, kódà bó bá dùn yín.

Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ. Àwọn hóró oògùn kan wà tí àwọn oníṣòwò ńláńlá ń fi sínú àká; èéfín wọn ti pa ènìyàn inú ilé rí. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó wọ yàrá tí ènìyàn ń sùn.

Ìrẹsì funfun máa ń pẹ́ ju èyí tí wọn ò họ lọ fíìfíì, nítorí pé òróró wà nínú èèpo rẹ̀, òróró yẹn ló sì máa ń kan. Bí oṣù mẹ́fà ni ti èyí tí wọn ò họ. Iyọ̀ àti ṣúgà kò ní ọjọ́ ikú bí ọ̀rinrin ò bá dé bá wọn. Òróró fẹ́ òkùnkùn. Ibi tó tutù jù nínú ilé ni kí gbogbo wọn wà, kí wọ́n má kan ilẹ̀, kí wọ́n má sì fara ti ògiri. Bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, ẹ máa rí ìgbẹ́ eku kí eku tó rí ìrẹsì. Èkúté lè já ike, nítorí náà páànù tàbí gíláàsì ni kó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: èyí tó kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ lọ

Ẹ ra máákà dúdú kan, kí ẹ so ó mọ́ ẹnu kóbọ́ọ̀dù. Ohunkóhun tó bá wọlé, ẹ kọ oṣù àti ọdún sí i gàdàgbà, kí ẹ tì í sẹ́yìn, kí ẹ sì mú èyí tó wà níwájú lọ síná. Bẹ́ẹ̀ ni ìpamọ́ yín á máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára oúnjẹ gbígbẹ sábà máa ń sọ ìgbà tí adùn rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, kì í sọ pé ó ti di májèlé lọ́jọ́ kejì. Ti oògùn àti ti mílíìkì ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Ẹ tẹ̀ lé e. Agolo tó bá wú, tó ń jò, tó ta omi sójú ẹni nígbà tí a ṣí i, tàbí tí ẹnu ìdè rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, ẹ má tọ́ ọ wò. Májèlé tó máa ń wà nínú irú agolo bẹ́ẹ̀ lè má ní òórùn.

Ìgbésẹ̀ keje: iná ìdáná, ìmọ́lẹ̀ àti fíríìjì

Sítóòfù gáàsì kékeré kan pẹ̀lú gáàsì tó kún tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ dáná níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Èédú, gáàsì àti jẹnẹrétọ̀ máa ń tú gáàsì kábọ́ọ̀nù mọnókísáìdì jáde. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn, oorun á wá gbé e lọ. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá láti yá iná lóru òtútù. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta, kó jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà tó mítà mẹ́fà ó kéré tán, kí ihò èéfín rẹ̀ sì kọjú sí ibòmíràn.

Tọ́ọ̀ṣì sàn ju àbẹ́là lọ, nítorí pé ọmọdé lè fi àbẹ́là dáná ran ilé. Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì àti rédíò tí ẹ kó pamọ́, ẹ so ó mọ́ ọn lára. Èyí tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ máa ń da omi, á sì jẹ irin ibẹ̀.

Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí fíríìjì ní ṣíṣí wò. Tó bá wà ní pípadé, oúnjẹ inú rẹ̀ á dúró fún bí wákàtí mẹ́rin. Fírísà tó kún dé ẹnu lè dúró fún wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì, 24. Ẹ jẹ èyí tó wà nínú fíríìjì kọ́kọ́, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ti fírísà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìpamọ́. Fún ẹni tó bá ń rìnrìn àjò: ẹ fi ife omi kan sínú fírísà kó dì, ẹ gbé owó wẹ́wẹ́ onírin lé e lórí. Bí ẹ bá padà dé tí ẹ bá owó náà nísàlẹ̀ ife, omi náà ti yọ́ rí, ó kàn tún padà dì ni. Ẹ má jẹ ẹran ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ohun tí a kì í jẹ

Ọṣẹ, bébà ìnùdí, páàdì, ìtẹ́dìí ọmọ, ọ̀rá ìdalẹ̀nù tó nípọn, ìbọ̀wọ́, ìṣáná nínú ike tí omi ò lè wọ̀. Garawa méjì tó ní ọmọrí fún ìgbà tí omi ò bá sí láti fi da ṣáláńgá: ọ̀kan fún ìtọ̀, ọ̀kan fún ìgbẹ́, ọ̀rá nínú wọn, eérú tàbí ìyẹ̀fun pákó lórí. Kò dùn-ún gbọ́, àmọ́ ilé tí kò bá múra fún èyí, ìgbẹ́ gbuuru ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Ní ti ìgbẹ́ gbuuru, ẹ kọ èyí sára ògiri: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ẹnu ṣíbí tẹ́jú, kí ó má ṣe gogoro. Kí iyọ̀ má jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ bá pò lónìí, kó má di ọ̀la. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ti dì sínú sáṣẹ́ẹ̀tì rà, ó tún dájú jù.

Ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ti oṣù kan lè wà nílẹ̀, kí ó sì máa lo èyí tó pẹ́ jù kọ́kọ́. Owó kéékèèké nínú àpòòwé, nítorí pé lọ́jọ́ tí káàdì ò bá ṣiṣẹ́, ẹni tó ń tajà kò ní ní ṣéńjì. Ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ nínú ọ̀rá. Nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn yín lórí bébà. Èmi mọ nọ́ńbà ìyàwó mi lórí, n ò mọ ti ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ dán an wò

Ẹ yan òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ pa iná ilé, ẹ ti omi ẹ̀rọ, kí gbogbo yín sì gbé inú ìpamọ́ yín láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ́ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kí bébà àti kálámù wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni tó bá wá nǹkan tì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a ṣe tiwa, a rò pé a ti pé. Omi tó, ìrẹsì tó, tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wà. Alẹ́ Jímọ̀ọ́ ni a rí i pé tọ́ọ̀ṣì méjì ń lo bátìrì títóbi, kékeré ni gbogbo èyí tí mo rà. Ní àárọ̀ Sátidé, ọmọ mi obìnrin da lítà mẹ́ta omi mímu sórí àwo ẹyọ kan tó ń fọ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé omi ti di ohun tí à ń wọ̀n. Ní alẹ́, ìyàwó mi bèèrè ìṣágolo. Mo wá a, n ò rí i. Ọ̀bẹ ni mo fi ṣí ẹja, mo sì fi gé àtàǹpàkò, ìgbà náà la tó mọ̀ pé kò sí báńdéèjì nínú ohun tí a kó pamọ́. Bébà náà kún dé ẹ̀yìn. Ó ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kóbọ́ọ̀dù wa, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà létí rẹ̀, báńdéèjì ló sì wà lórí ìlà àkọ́kọ́.